FẸ́Ẹ̀NÌ WO NI Ó LE TÓ FÚN ILÉ ÀKÈRÉ ÀTI ỌMỌỌ́LÉ?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí tí ẹ máa ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè jọ ọ̀rọ̀ àjèjì létí ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, kò sí ẹni tí ń fi owó ra ọmọọ́lé. Ara ògiri ni ó ń gbé, kò sì sí ẹni tí ó pè é. Àkèré pẹ̀lú, bí òjò bá ti rọ̀ ni a óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sìn àkèré, ọmọọ́lé, agẹmọ, ìjàpá àti òjòlá nínú àpótí dígí nínú yàrá wọn, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà lọ́hùn-ún náà sì ti ń bá wọn ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí ó ń gbé ní Manchester báyìí, kọ̀wé pé ọmọ òun ń sìn àkèré orí igi méjì, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti ra fẹ́ẹ̀nì sínú àpótí wọn, tí méjèèjì sì kú kí oṣù tó pé, bẹ́ẹ̀ àkọlé ara ìkòkò rẹ̀ wí pé ewéko tí ó le ni. Ó ní kí ni àwọn ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro bí a bá ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà "le" túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tí ó kọ ọ́. Ewéko tí ó le fún ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe dandan kí ó le fún àpótí àkèré. Ẹranko tí yóò gbé inú àpótí ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà àpótí fúnra rẹ̀, kí á tó wá béèrè fẹ́ẹ̀nì. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: wọn a rí ewé tí ó wù wọ́n ní ilé-ìtajà, wọn a gbé e wálé, wọn a sì máa retí kí ẹranko àti ewé mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ fẹ́ẹ̀nì. Ewéko tí ẹ máa ń rí ní ara igi ọ̀pẹ ni, níbi tí ìdí imọ̀ àtijọ́ kù sí, tí ẹ sì tún ń rí ní bèbè odò àti lára òkúta tí omi ń ṣẹ́ sí. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní sarkhas. Kì í tanná, kì í so èso, kò sì ní irúgbìn. Bí ẹ bá yí ewé rẹ̀ tí ó ti gbó padà, ẹ óò rí àmì róbótó róbótó tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ ní abẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ pupa. Àwọn mìíràn a máa rò pé kòkòrò ni ó bà lé e, wọn a sì máa ha á kúrò. Kì í ṣe kòkòrò. Inú ibẹ̀ ni eruku wínníwínní wà, èyí tí atẹ́gùn ń gbé lọ, tí ó sì ń hù níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Omi gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ náà, ìbáà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé nínú omi ni nǹkan ọmọ ti akọ ti ń lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ti abo. Ìdí nìyí tí fẹ́ẹ̀nì fi fẹ́ràn ibi tútù àti ibi òjìji. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó wà láyé lé ní 10,000, nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé "fẹ́ẹ̀nì ń fẹ́ báyìí" kò tíì sọ ohun kan.

Ìtàn bí fẹ́ẹ̀nì ṣe dé inú àpótí dígí dùn ún gbọ́, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Dókítà kan wà ní ìlú London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nathaniel Bagshaw Ward, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1791 tí ó sì kú ní ọdún 1868. Ó fẹ́ràn fẹ́ẹ̀nì, ṣùgbọ́n èéfín èédú ìlú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èyí tí ó gbìn sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fi ń kú. Ní nǹkan bí ọdún 1829, ó fi kòkòrò kan tí ó ṣì wà nínú ìdì rẹ̀, tí yóò di labalábá òru, sínú erùpẹ̀ tútù nínú ìgò, ó sì dé e. Ó ń ṣàkíyèsí pé lọ́sàn-án, omi ń gòkè láti inú erùpẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ara dígí, ó sì tún ń ṣàn padà sínú erùpẹ̀, tí erùpẹ̀ náà kò fi gbẹ rárá. Nígbà tí ó yá, fẹ́ẹ̀nì kan àti koríko kan hù jáde nínú ìgò náà. Ó gbé ìgò náà sí ìta fèrèsé yàrá rẹ̀, wọ́n sì wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin láìsí ẹni tí ó bu omi sí wọn, títí ìdérí ìgò fi dípẹtà, tí omi òjò wọlé, tí wọ́n sì rà.

Láti inú ìgò yìí ni Ward ti ṣe àpótí dígí. Ní ọdún 1833, wọ́n fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ kó ewéko láti London dé Sydney ní Australia nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì dé láàyè. Ní ọdún 1842, Ward kọ ìwé lórí rẹ̀. Irú àpótí yìí ni wọ́n fi kó ọ̀gbìn igi rọ́bà láti ọgbà Kew lọ sí Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní ọdún 1876. Àpótí tí ọmọ Manchester fi àkèré sí kò jìnnà sí ti Ward.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Fẹ́ẹ̀nì tí ó hù nínú ìgò Ward jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn fẹ́ẹ̀nì inú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dryopteris filix-mas ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ìta fèrèsé ni ìgò náà wà, ìgbà òtútù ń kàn án, ìgbà ooru ń kàn án, kò sì sí ẹranko kankan tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irú fẹ́ẹ̀nì yìí gan-an ni àwọn olùtajà ewéko ń kọ "ó le" sí lára, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé yìnyín kò lè pa á. Nígbà òtútù imọ̀ rẹ̀ yóò gbẹ, ìdí rẹ̀ yóò sinmi nínú ilẹ̀, yóò sì tún rú ní ìgbà ìrúwé. Bí a bá wá gbé e sínú àpótí tí ó gbóná ní dígírì 25 láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ìsinmi kò sí fún un mọ́. Yóò máa hu imọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò máa rẹ̀ ẹ́, yóò sì kú. Kì í ṣe pé olùtajà purọ́. Ọgbà ni ó ń sọ, àpótí ni ẹni tí ó rà á ń sọ.

Síbẹ̀, fẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ òtútù wúlò ní àyè tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ ilé fún ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀yìnkùlé, tàbí fún ẹranko kékeré olómi tí wọ́n ń pè ní newt, òun gan-an ni kí ó gbìn, òun àti ìkejì rẹ̀ Asplenium scolopendrium, tí ewé rẹ̀ gùn tí kò ya bí ahọ́n. Ẹranko ibẹ̀, ewéko ibẹ̀, ojú ọjọ́ ibẹ̀.

Wàyí o, ẹranko tí ó wà nínú àpótí ńkọ́? Àwọn kan wà tí fẹ́ẹ̀nì kò bá tiwọn mu rárá. Ọmọọ́lé alámì bí ti ẹkùn, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ni ó ti wá, ní Afghanistan, Pakistan àti apá kan India. Bí ẹ bá rin ilé rẹ̀ tó kí fẹ́ẹ̀nì fi yè, ẹranko náà yóò ṣàìsàn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó gbẹ tó fún ẹranko, fẹ́ẹ̀nì yóò kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni alángbá onírùngbọ̀n ti àárín gbùngbùn Australia, tí ń yáàrùn níbi tí ooru rẹ̀ ń súnmọ́ dígírì 40, tí ó sì ń jẹ ewé. Ìjàpá orí ilẹ̀ yóò jẹ ohunkóhun tí ẹ bá gbìn sí iwájú rẹ̀, fẹ́ẹ̀nì kan sì wà, Pteridium aquilinum, tí ń hù káàkiri ayé ní pápá àti ẹ̀gbẹ́ igbó, tí májèlé inú rẹ̀ ń pa màlúù tí ó bá ń jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìyẹn sínú ilé ẹranko kankan.

Òjòlá kékeré tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Láti Senegal títí dé Uganda ni ó ń gbé, láti Togo, Benin àti Ghana sì ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láti ọdún gbọọrọ. Ó ń fẹ́ ọ̀rinrin níwọ̀nba, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ bọ́ awọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wúwo, orí ewé ni yóò sì gbà kọjá. Fún irú èyí, inú ìkòkò tí ó wúwo ni kí fẹ́ẹ̀nì wà, ní igun àpótí.

Àwọn tí fẹ́ẹ̀nì bá lára mu ni àkèré orí igi, agẹmọ inú igbó, àti irú ọmọọ́lé kan láti erékùṣù New Caledonia, tí wọ́n rò pé ó ti run kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 1994. Ọmọọ́lé yìí àti agẹmọ, omi tí ó bá dúró ní ẹ̀kán ẹ̀kán lórí ewé ni wọ́n ń lá. Àwo omi lè wà nílẹ̀ kí agẹmọ má tilẹ̀ mọ̀ pé omi ni. Fún wọn, ewé ni ife omi, òun náà sì ni ibi ìfarapamọ́. Ẹranko tí kò bá rí ibi sá pamọ́ sí, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀.

Fẹ́ẹ̀nì tí mo máa kọ́kọ́ mú fún ẹni tí kò ṣe é rí ni Nephrolepis. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń jẹ́ Nephrolepis biserrata ń hù fúnra rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. Èyí tí wọ́n ń tà lókè òkun, Nephrolepis exaltata, ni wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀nì Boston, nítorí pé nínú ẹrù ewéko tí wọ́n kó láti Philadelphia lọ sí agbègbè Boston ní ọdún 1894 ni wọ́n ti rí ẹ̀yà rẹ̀ tí imọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ wálẹ̀. Ó fara da ooru, ó fara da òjìji, bí ẹranko bá sì tẹ imọ̀ kan fọ́, òmíràn ti ń yọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ yóò máa já sílẹ̀ bí ìyàngbò, bí ibẹ̀ bá sì bá a lára mu ju, yóò gba gbogbo àpótí. Kí ẹ máa gé e, kí ẹ sì máa fa àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń rá káàkiri tu.

Fún àkèré orí igi tí ó sanra, bí irú èyí tí ó ti Australia wá tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, Asplenium nidus ni mo fọwọ́ sí. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó nípọn, ó sì tò yípo bí ìtẹ́ ẹyẹ. Nínú igbó Philippines, àwọn onímọ̀ rí i pé àkèré kéékèèké ń sá sínú rẹ̀ nígbà tí ooru bá mú, nítorí pé inú rẹ̀ tutù ju ìta lọ. Ohun tí ó ń pa á ni omi tí ó dúró ní àárín rẹ̀ gan-an níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Orí igi ni kí ẹ dè é mọ́, kí ó dagun díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn kúrò. Bí ilẹ̀ ni ẹ bá gbìn ín sí, ẹ má ṣe bo ọrùn rẹ̀.

Bí yàrá bá máa ń tutù, Cyrtomium falcatum láti Ìlà-oòrùn Éṣíà dára ju méjèèjì lọ. Ewé rẹ̀ ń dán, ó le bí awọ, kì í sì í tètè bínú bí omi bá pẹ́ kí ó tó dé. Ó bá ọmọọ́lé New Caledonia mu, nítorí pé ẹranko yẹn kò fẹ́ kí ooru kọjá dígírì 28. Davallia náà wà, tí ọ̀pá gbòǹgbò rẹ̀ nírun bí ẹsẹ̀ ehoro tí ó sì ń rá lórí igi. Ẹ má ṣe bo ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, yóò rà. Platycerium, tí ewé rẹ̀ ya bí ìwo àgbọ̀nrín, wà lórí igi ńlá nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òkè àpótí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ so ó sí. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ igi yóò gbẹ, yóò sì dà bí èyí tí ó ti kú. Kò kú, òun ni ó gbá ewéko náà mọ́ ara igi, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tí ó ní apá omi nínú àpótí rẹ̀ lè lo Microsorum pteropus ti Éṣíà tàbí Bolbitis heudelotii. Ti ìkejì yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ara òkúta inú odò kéékèèké ní Áfíríkà ni ó ń hù sí, ṣùgbọ́n lókè òkun owó gidi ni wọ́n fi ń rà á sínú àpótí ẹja. Okùn ni kí ẹ fi dè wọ́n mọ́ òkúta tàbí igi. Ẹni tí ó bá ri ọ̀pá wọn mọ́ iyanrìn yóò pàdánù wọn.

Èyí tí ó lẹ́wà jù ni Adiantum, tí Lárúbáwá ń pe ọ̀kan nínú rẹ̀ ní kuzbarat al-biʾr, nítorí pé etí kànga ni ó fẹ́ràn, ewé rẹ̀ sì jọ ewé kọriáńdà. Kò sí nínú àwọn tí mo lè pè ní èyí tí ó le. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá gbẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ewé rẹ̀ yóò ká kò. Àkèré kéékèèké tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ nìkan ni kò ní ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ewéko kan tí wọ́n ń pè ní asparagus fern: kì í ṣe fẹ́ẹ̀nì rárá. Ó ń tanná, ó ń so èso pupa tí kò dára fún jíjẹ, ẹ̀gún kéékèèké sì fara pamọ́ sí ara rẹ̀ tí ó lè gún ojú ẹranko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nìyí, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀mí ẹranko wà. Àkèré kì í fi ẹnu mu omi bí tiwa. Awọ ara rẹ̀ ni ó fi ń fa omi, ó sì tún ń fi í mí. Ohunkóhun tí ó bá wà lórí ewé ti wọ inú ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ti ń gbin ewéko fún títà ni ó ń lo oògùn apakòkòrò, òmíràn nínú oògùn náà kì í sì í ṣe orí ewé ni ó ń gbé, inú ewéko ni ó ń wọ̀ lọ, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Kòkòrò tí ẹ fẹ́ fi bọ́ àkèré yóò jẹ nínú ewé, àkèré yóò sì jẹ kòkòrò. Nítorí náà, bí ẹ bá ra fẹ́ẹ̀nì, ẹ gbọn gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀ dànù pẹ̀lú ajílẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ fi omi ṣíṣàn fọ gbòǹgbò àti ewé, ẹ tún un gbìn sínú erùpẹ̀ mímọ́, kí ẹ sì fi í sí ọ̀tọ̀ fún oṣù kan sí méjì. Àwọn imọ̀ tuntun tí ó bá yọ lẹ́yìn èyí ni ọkàn lè balẹ̀ sí, kí ẹ gé ti àtijọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí olùtajà bá lè sọ pé òun kò lo oògùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, ìbáà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá ti ara rẹ̀. Ẹranko inú àpótí dígí kò lè sá fún ewé tí ń ṣe é ní ibi.

Ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé yóò wá ni pé, ṣé ẹni tí ó wá sílé fún ìsinmi kò lè já fẹ́ẹ̀nì ara ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ kí ó gbé e lọ? Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ewéko tí ń ti òkèèrè bọ̀ láti gbìn ní ìwé-ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ ìjọba ibi tí ó ti wá. Ìdí mìíràn tún wà. Àrùn kan wà tí ń mú awọ àkèré, irú ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu ni ó ń fà á, ọdún 1999 sì ni àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ Batrachochytrium dendrobatidis. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ó ti mú kí ẹ̀yà 501, ó kéré tán, nínú àkèré àti àwọn ìbátan wọn dín kù ní ayé, tí 90 nínú wọn sì dà bí èyí tí ó ti run pátápátá. Omi àti erùpẹ̀ tútù lè gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹni tí ó hú ewéko ní etí odò lè hú àrùn mọ́ ọn, ẹni tí ó sì da erùpẹ̀ àpótí rẹ̀ sí etí odò lè ran àkèré inú igbó.

Nípa gbígbìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀ kí omi má baà dúró síbi gbòǹgbò, kí àwọ̀n tẹ̀ lé e, kí erùpẹ̀ tí a fi èèpo àgbọn lílọ̀ àti èèpo igi pò sì wà lórí rẹ̀. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ fi bo gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fẹ́ẹ̀nì lo oṣù kan nínú àpótí kí ẹranko tó wọlé, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè mú ilẹ̀. Iná tí ó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba tó fún un, fún nǹkan bíi wákàtí 12 lóòjọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wà lábẹ́ iná tí ẹranko fi ń yá ara. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀ kò dára fún àkèré, oògùn tí ń pa agbára kẹ́míkà náà sì wà ní ilé-ìtajà ẹja. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ́n ọn, kí ojú ewé sì gbẹ díẹ̀ láàárín méjèèjì. Bí etí imọ̀ bá ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ni ó gbẹ jù. Bí ìdí rẹ̀ bá dúdú tí ó sì ń rùn, omi ni ó pọ̀ jù, kí ẹ sì yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ náà gan-an kí ìdíbàjẹ́ rẹ̀ má baà ran èyí tí ó kù.